Ìdérí Ìgò Méje Lórí Sípóòkì Ìkẹyìn

Bí ẹ bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣe, n ó sọ òtítọ́ fún yín: ìdérí ìgò mínírà ni mo ń kó bọ sípóòkì kẹ̀kẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún un. Bàbá rẹ̀ ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ńṣe ló ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ta iṣu jíjẹrà fún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jókòó sórí àga àwọn olùtọ́jú eyín rí ní agbègbè wa, tí ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú yín ò gbọ̀n, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìdérí ìgò. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi Gbádébọ̀ náà.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò máa tọ́jú eyín. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń jókòó ìdánwò àtiwọlé, ìwọ̀nba díẹ̀ la sì máa ń gbà. Iṣẹ́ ọ́fíìsì tiwa ni ká máàkì ìwé wọn, ká to máàkì náà, ká sì sọ ohun tí máàkì náà ń wí fún àwọn ọ̀gá. Bí wọ́n ṣe gbà mí ò gùn: mo mọ ìṣirò, mo kọ lẹ́tà, wọ́n pè mí. Owó oṣù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. A jẹun, a ò kú.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Alàgbà Oyèwọlé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo, tí kì í sì í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó bi mí pé, "Kí lo mọ̀?"

Mo ní, "Mo mọ ìṣirò, sà. Mo mọ bí a ṣe ń ro máàkì pọ̀, ká pín in, ká rí iye tó wà láàárín."

"O kú iṣẹ́," ló wí. "Odindi ọdún kan ni o ò ní ṣírò ohunkóhun níbí."

Mo rò pé àwàdà ni. Àwàdà kọ́ o! Bàbá yìí wọ́ àpò ìdérí ìgò kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó gbé ìṣó àti òòlù fún mi, ó ní kí n máa lu ihò sí ìdérí láàárín, kí n sì fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ḿbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdérí kan, ọmọ kan. Lórí tábìlì kejì ni pátákó gbọọrọ kan wà tí wọ́n ri ogún sípóòkì kẹ̀kẹ́ ológeere mọ́, tí gbogbo wọn dúró ṣánṣán lórí ìlà kan. Ti apá òsì pátápátá ni ti àwọn tí kò rí máàkì gbà. Bí a ṣe ń lọ sápá ọ̀tún ni máàkì ń ga, márùn-ún márùn-ún, títí dé sípóòkì ìkẹyìn tó jẹ́ ti àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ tán. Bí a bá máàkì ìwé ọmọ kan tán, a ó mú ìdérí rẹ̀, a ó kó o bọ sípóòkì tó tọ́ sí i. Nígbà tí a bá fi máa parí, àwọn ìdérí á ti gun ara wọn lórí, á di òkìtì.

Ẹ sì wo òkìtì yẹn dáadáa, torí òun gan-an niṣẹ́. Ìka ò dọ́gba. Ẹ lọ dúró ní oríta Takie nílùú wa láàárọ̀ kùtù, èèyàn díẹ̀ lẹ ó rí. Ẹ dúró títí di ọ̀sán, èrò á pọ̀ débi tí wọ́n á máa tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún ku díẹ̀. Bí máàkì ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń rí nìyẹn: ìwọ̀nba ní ìsàlẹ̀, ogunlọ́gọ̀ láàárín, ìwọ̀nba lókè. Bí ìbéèrè bá le jù, òkìtì á sún sápá òsì. Bó bá rọ̀ jù, á rọ́ gììrì sápá ọ̀tún.

Bí mo bá ṣi ìdérí ẹyọ kan kó, Alàgbà ò ní fi hàn mí. Á kàn wo pátákó, á ní, "Ọ̀kan ti ṣìnà," á da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, á ní kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ẹkún ń gbọ̀n mí.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí ẹ ò kàn sọ èyí tó ṣìnà fún mi, kí n mú un kúrò?"

Ó ní, "O rò pé ìdérí lo ṣì kó. Ọmọ ẹnìkan ni."

N kò bi í ní irú rẹ̀ mọ́.

Ọdún kejì ni mo tó lóye ohun tí bàbá yìí ń kọ́ mi. Bàbá kan já wọ ọ́fíìsì wa tìbínú-tìbínú. Ọmọ rẹ̀ gba mọ́kànlélọ́gọ́ta, a ò mú un. Ọmọ aládùúgbò rẹ̀ gba méjìléláàádọ́ta lọ́dún tó ṣáájú, a mú un. Ó ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, ó ní òun máa tú wa fó. Alàgbà Oyèwọlé ò bá a jà. Ó fà á lọ́wọ́ dé ìdí pátákó, ó mú ìwé tí a ya òkìtì ọdún tó kọjá sí, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ìbéèrè le débi pé ẹni tó bá gba méjìléláàádọ́ta ti fi èrò sẹ́yìn. Lọ́dún tí a wà yìí, ìbéèrè rọ̀, mọ́kànlélọ́gọ́ta sì wà láàárín èrò gbọ̀ngbọ̀n. Bàbá náà fọwọ́ kan ìdérí ọmọ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú. Mo rò pé máàkì ni máàkì." Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, bí wọ́n bá fún yín ní máàkì, ẹ má tíì jó, ẹ má sì tíì sunkún. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí àwọn ẹgbẹ́ yín dúró sí.

Ẹ̀kọ́ kan ṣì wà tí Alàgbà kọ́ mi. Lọ́dún kan, òkìtì méjì ló yọ lórí pátákó, àfonífojì wà láàárín wọn. Inú mi dùn pé mo ṣàwárí nǹkan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mo rò pé ó fà á. Alàgbà dá mi dúró. "Òkìtì méjì, ìtàn méjì ni. Pátákó ò lẹ́nu. Dìde, lọ bèèrè." A lọ bèèrè. Òjò ló rọ̀ sórí páànù ní ibùdó ìdánwò kan, àwọn ọmọ ò gbọ́ ohun tí olùdarí ń sọ, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ pé ìbéèrè wà lẹ́yìn ìwé. A tún ìdánwò ṣe fún wọn.

Nígbà tí Alàgbà fẹ̀yìn tì, èmi ni wọ́n fi sórí àga rẹ̀. Nǹkan ń yí padà lójú mi. A kúrò lórí sípóòkì, a bọ́ sórí ìwé onílà wẹ́wẹ́. Ẹ̀rọ ìṣirò kékeré dé, a ń tẹ̀ ẹ́ tàka-tàka. Ọjọ́ pẹ́, kọ̀ǹpútà dé, ọmọkùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ sì fi nọ́ḿbà kan ṣoṣo hàn mí, ó ní, "Àárín wọn rèé, sà."

Mo ní, "Òkìtì rẹ̀ dà?"

Ó ní, "Kọ̀ǹpútà ò ní òkìtì, sà."

Mo ní, "Á jẹ́ pé kò tíì ṣiṣẹ́." Ó rojú, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ó ti mọ bí a ṣe ń fa òkìtì yọ lórí ìwé. Irinṣẹ́ lè yí padà bó bá ṣe wù ú. Ojú tí a fi ń wò ó ni kò gbọdọ̀ fọ́. Pátákó náà wà nílé mi títí di báyìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi fi ń kó ìlẹ̀kẹ̀ ṣeré.

Ẹ ẹ̀ wá rí i pé mo ti ń yangàn láti òkè? Mo lẹ́tọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fò, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni. Kò ní bójú mu kí n sọ fún yín pé iṣẹ́ yìí dára láìsọ bí mo ṣe fi ọwọ́ ara mi fẹ́ ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Ó kù díẹ̀ ká wọ àwọn ọdún 1990, ìgbà Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tó mú kí nǹkan máa wọ́n bí ojú. Alàgbà ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n a ò tíì kúrò lórí sípóòkì. Lọ́dún yẹn ni ọ̀gá wa àgbà, obìnrin oníṣègùn eyín kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Dókítà, sọ pé ìwé nìkan ò tó. Ó ní ẹni tó bá máa tọ́jú eyín gbọ́dọ̀ ní ọwọ́. Ló bá fi ìdánwò ọwọ́ kún ti ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́: wọ́n á fún ọmọ ní ọṣẹ ìfọṣọ kan, ọ̀bẹ kékeré kan àti àwòrán eyín kan, á sì gbẹ́ eyín náà láti inú ọṣẹ, bí àwòrán ṣe wí gẹ́lẹ́. Ọdún yẹn náà la kọ́kọ́ ní ibùdó ìdánwò nílùú Ọ̀yọ́.

Nígbà tí a to máàkì ìdánwò ọwọ́, mo lanu, n ò lè pa á dé. Òkìtì wà láàárín bó ṣe máa ń wà. Lẹ́yìn rẹ̀, sípóòkì mẹ́rin ṣófo gbáú. Lórí sípóòkì ìkẹyìn pátápátá, ìdérí méje ló jókòó. Mo wo nọ́ḿbà wọn: ibùdó Ọ̀yọ́ ni gbogbo wọn, méjèèje. Mo wo máàkì ìwé wọn: àárín èrò ni wọ́n wà, kò sí ohun tó ṣàrà ọ̀tọ̀.

Ẹ gbọ́ bí èmi ọlọ́gbọ́n ṣe rò ó. Mo ní ọmọ tí kò tayọ nínú ìwé, kí ló fẹ́ fi tayọ tó báyìí nínú ọwọ́? Méje, láti ibùdó kan ṣoṣo? Ẹnìkan ti fi àwòrán hàn wọ́n ṣáájú ni. Mo jókòó, mo kọ ìwé ẹ̀sùn olójú-ewé méjì, gbólóhùn rẹ̀ gún régé. Màmá Dókítà kà á, ó yìn mí níwájú àwọn òṣìṣẹ́, ó fọwọ́ sí i. Lẹ́tà jáde: a fagi lé èsì àwọn méje náà, wọn ò sì gbọdọ̀ jókòó ìdánwò wa fún ọdún mẹ́ta. Ẹyin lohùn. Mo jẹ́ kó bọ́, mo tún ń ṣe fáàrí.

Fáàrí yẹn ló gbé mi dé ilé Alàgbà Oyèwọlé lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo ń retí kó ní "O kú ọpọlọ."

Ó ní, "Ọmọ ta ni àwọn méje yìí?"

Mo ní, "Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, sà."

"Mo ní ọmọ ta ni. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe nílé wọn?"

N ò mọ̀.

"O ò dé ibẹ̀?"

N ò dé ibẹ̀.

Bàbá náà ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Gbádébọ̀, ta ló kọ́ ẹ pé pátákó ń dájọ́?"

Mi ò lè jẹ oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ gbé fún mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba ọ́fíìsì lọ, mo wo àdírẹ́sì inú fọ́ọ̀mù wọn, mo wọkọ̀ Ọ̀yọ́. Agbo ilé méjì tó fara kanra ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni àwọn méjèèje ti wá. Kí n tó wọlé ni mo ti ń tẹ èépá igbá mọ́lẹ̀. Agbo ilé àwọn tó ń fín igbá ni. Ọkùnrin, obìnrin, gbogbo wọn jókòó sórí ẹní, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́, wọ́n ń fín ewé, ejò àti alángbá sára igbá, láìfi pẹ́ńsù yà á ṣáájú. Kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe.

Bàbá kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú ni mo lọ bá. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́, mo sọ ibi tí mo ti wá.

Ó dá ọwọ́ dúró. "Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé pé olè lọ́mọ mi?"

"Èmi ni, bàbá."

Ó na ọ̀bẹ sí mi pẹ̀lú àfọ́kù igbá kan. "Ẹ gbà. Ẹ fa ìlà kan ṣoṣo. Kó ṣáà gún."

Mo gbìyànjú. Ọ̀bẹ yọ̀, ìlà náà wọ́ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó nàka sí ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀, tí kò gbójú sókè látìgbà tí mo wọlé. "Sìkírátù rèé. Látìgbà tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti ń fín igbá. Látìgbà tí ojú mi sì ti ń dun mí, òun ló ń bá mi fín gbogbo ibi tó bá wẹ́. Ọdún méjìdínlógún ló fi kọ́ ohun tí ẹ ní ó jí lọ́jọ́ kan!"

Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé ìyókù, ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀. Tíṣà tó kọ́ wọn níléèwé rí ló sọ fún wọn pé ìdánwò eyín tó ní gbígbẹ́ nínú ti dé, ló fi jẹ́ pé méje wọn ló jọ gba fọ́ọ̀mù. Òun ti wá jókòó ìdánwò náà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀mejì rí nígbà tó ṣì jẹ́ ìwé nìkan, òun ò wọlé. Ó ní, "Wọn kì í gba ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, sà. Lọ́dún tó ń bọ̀ ni mo máa pé e. Ọdún mẹ́ta tí ẹ kọ sínú lẹ́tà yẹn, ọjọ́ ayé mi gbogbo ni."

Mo kàn ń wí pé, "Ẹ fún mi lọ́jọ́ díẹ̀." Ojú tì mí, ojú tì mí gan-an ni.

Màmá Dókítà ò fẹ́ gbọ́ ọ létí. "Lẹ́tà ti jáde! Bí a bá gbà á padà, wọ́n á ní a ò mọṣẹ́ wa. Ṣé ìwọ náà ò mọ̀ pé orúkọ rẹ wà lára àwọn tí a fẹ́ gbé ga lóṣù yìí?"

Mo ní, "Mo mọ̀, mà. Ẹ fa orúkọ mi yọ. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n tún un gbẹ́ níṣojú yín."

Ó ní, "N ò ní bá ẹ gbé e o. Ìwọ lo máa dìde níwájú gbogbo wọn, kó o sọ pé ìwọ lo ṣì í."

Mo gbà.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Àwọn méjèèje wọlé pẹ̀lú àwọn òbí wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Màmá Dókítà fúnra rẹ̀ ya àwòrán eyín mìíràn, eyín ọ̀gàn onígun mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Wọ́n pín ọṣẹ, wọ́n pín ọ̀bẹ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo ń wo Sìkírátù. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ìborùn rẹ̀, ó tún mú un. Látìgbà náà kò gbójú sókè mọ́. Eruku ọṣẹ ń bọ́ lẹ́bú lẹ́bú. Kí aago tó lù ni gbogbo wọn ti parí.

Màmá Dókítà fi irin ìwọ̀n wọ̀n wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ti Sìkírátù, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Hẹn-ẹn. Ọdún kẹta ni àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ máa ń tó lè gbẹ́ irú èyí." Méjèèje ló tún padà sórí sípóòkì ìkẹyìn, kò sí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbà náà ni mo dìde. Mo ka ìwé ẹ̀sùn mi sókè ketekete, gbogbo ojú-ewé méjèèjì. Mo ní èmi ni mo kọ ọ́, irọ́ ni, n ò dé ilé wọn kí n tó kọ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá afíngbá náà.

Bàbá náà ní, "Àṣìṣe ò kan ọgbọ́n. Mo gbà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lẹ pè lólè."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé nílẹ̀ yìí. Mo ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà, mo jẹ́ ọ̀gá ọ́fíìsì, àwọn ọmọ abẹ́ mi ń wò mí. Bí ẹ bá bi mí ní ohun tí mo fi ń yangàn jù nínú ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kì í ṣe ìgbéga tí mo padà gbà, kì í ṣe ìwé ìyìn tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì. Ohun tí mo ṣe tẹ̀lé e yìí ni. Mo yí padà lórí ilẹ̀ níbẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọbìnrin tí mo lè bí.

Àwọn obìnrin kígbe pé, "Háà! Ẹ gbé wọn dìde!" Sìkírátù ò sáré. Ó jẹ́ kí àyà mi kan ilẹ̀ dáadáa, ó jẹ́ kí gbogbo ojú rí i. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká mi.

Ó ní, "Ẹ dìde, sà. Ẹ lọ kọ orúkọ mi."

Mo dìde, mo lọ kọ ọ́ sínú ìwé àwọn tí a gbà.